Ìdọ̀bálẹ̀ fún Àga Òfìfo

Ojú ti tì mí rí l'Ábújá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará Apo, níbi iṣẹ́ mi, ṣì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí dòní ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àga rọ́bà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni ò jókòó lórí àga náà. Orí mi pé, mi ò mu nǹkan kan, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Ìyẹn gan-an ló ba àwọn tó ń wò mí lẹ́rù.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Káfíńtà ni bàbá mi, òfin kan péré ló sì ní nípa ìkíni: bí àyà rẹ kò bá kan ilẹ̀, o kò tíì kí i. O lè dúró síbẹ̀ kí o máa pariwo "ẹ káàárọ̀, sà" títí ilẹ̀ á fi ṣú, á kàn máa fá pákó rẹ̀ lọ bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ń ké. Bí a ṣe ń jí nílé wa nìyẹn, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi: ojú ò tíì là tán, àyà ti wà nínú ìyẹ̀fun pákó. Bàbá á wá na ọwọ́, á gbé e lé wa ní ìpàkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "O ó dàgbà, o ó gbó." Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń fọ ẹnu.

Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ni mo gbé wọ Àbújá. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ẹnì kan júwe bàbá Hausa kan fún mi ní Wuse, ó ní bàbá náà ń wá ẹni tí yóò máa bá a ta ọjà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo débẹ̀, mo rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun lórí ìjókòó, mo sì na gbalaja sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Kai!" Bàbá náà fò dìde. "Kai! Sannu! Sannu!"

Pẹ̀lẹ́ ló ń kí mi, ó rò pé wárápá ló gbé mi. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti da omi inú ọ̀rá lé mi lórí, ẹnì kejì ń bọ́ bàtà mi, ẹnì kẹta ń sáré wá ṣíbí tí yóò kì bọ̀ mí lẹ́nu. Mo dìde, omi ń kán ní àgbọ̀n mi, mo ní kíkí ni mò ń kí wọn. Bàbá náà kúkú ṣèèyàn, ó ní kí wọ́n fún mi ní fúrà kí ara mi lè padà bọ̀ sípò. Iṣẹ́ ni kò fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ tọ́jú ara mi ná.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbọ́n. Mo wo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, èmi náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Bí mo bá rí àgbàlagbà, mo máa ń tẹ orí ba díẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ ọ̀tún, mo máa ń ní "Sannu da aiki", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, omi ò sì ní kan mí.

Alhaja kan, ọmọ Ìlọrin, ló wá gbà mí síṣẹ́ ní Apo. Táìlì àti àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Èmi ni mò ń jókòó ti àwọn àwo funfun náà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, mò ń nù wọ́n, mò ń ṣàlàyé fún àwọn olówó bí omi ṣe ń yí nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́, tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá nílé, sọ fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ ìkọ́lé ni mò ń ṣe ní ìlú ìjọba. Kò sì purọ́. Ta ni yóò kọ́lé tí kò ní í ṣe ṣáláńgá?

Kuje ni mo rí yàrá gbà sí. Nígbà tí Bàbá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé "Kuje lọmọ mi wà", ọkùnrin náà, tí kò mọ nǹkan kan nípa Kuje ju ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ, di ọwọ́ Bàbá mú gírígírí, ó ní, "Ọlọ́run á yọ ọ́." Wọ́n ti gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì títí kí Àǹtí Fọlákẹ́ tó mọ̀, kó tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Inú ò bí mi. Àdúrà kì í pọ̀ jù, pàápàá fún ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Kuje dé Apo láràárọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó kúrò nílé ni pé èèyàn lè wà láàárín èrò kí ẹnu rẹ̀ máa rùn láìsọ̀rọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tí a ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo Yorùbá tí mo máa sọ láti àárọ̀ kò ju "háà" tí mo ké nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Àwọn ará Kuje ń pè mí ní ará Yorùbá. Bí mo bá fóònù ilé, ará Àbújá ni wọ́n ń pè mí. Mo wá di ará ibi tí mi ò sí, níbikíbi tí mo bá wà. Àwọn àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, èmi náà sì máa ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Nítorí náà, bí ẹni ń retí oúnjẹ ni mo ṣe máa ń retí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ìgbà tí mo máa ń pe ilé. Àǹtí Fọlákẹ́ á kọ́kọ́ bú mi pé mi ò pè láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá á wá gba fóònù, á ṣàdúrà títí káàdì mi á fi tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wá dé, mo ní, "Ẹ kúrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọmọ yín tó wà l'Ábújá."

"Mo ní ọmọ l'Ábújá?"

Kì í ṣe àwàdà. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi ni, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Àǹtí Fọlákẹ́ gba fóònù, ó sì jáde síta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní iyè Bàbá ti ń ra, òun ò kàn fẹ́ kó mi láyà sókè ni. Ó ní nírọ̀lẹ́, Bàbá máa ń jókòó lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, á kọjú sí ògiri pálọ̀, á máa dárúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá wa tó ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ-ọmọ.

"Àwọn tó wà lára ògiri, kò gbàgbé wọn," ó ní. "Ìwọ lo ò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Àǹtí Fọlákẹ́ náà, nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò ẹbí, wọ́n ti rán mi lọ ra yìnyín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣílé, mo ti wà l'Ábújá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ráyè dúró sí ìpẹ̀kun ìlà, oní-fọ́tò gé mi dànù, ìgúnpá mi òsì nìkan ló kù lára ògiri. Kò sì sí bàbá tó lè máa fi ìgúnpá rántí ọmọ.

Ká ní mo lè gbéra lọ́jọ́ náà, ǹ bá lọ. Ṣùgbọ́n Alhaja ti lọ sí Mẹ́kà, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, mi ò sì lè ti ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù kí n máa lọ. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé kí Alhaja tó dé, Bàbá á ti gbàgbé pé òun bí mi.

"Àwọn kan máa ń so fọ́tò pọ̀," Àǹtí Fọlákẹ́ ní. "Ìwọ ya tìrẹ níbẹ̀, èmi á ya ti Bàbá níbí, kí wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan. A ó gbé e kọ́ sí iwájú rẹ̀ gan-an."

Ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bùnmi ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ni ín. Ará Èkìtì làwọn òbí rẹ̀, Àbújá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá sì yé e ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí ọmọ kan bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Bwari, tí bàbá rẹ̀ ti kú, Bùnmi á mú bàbá wá dúró ti ọmọ nínú fọ́tò, ìwọ á búra pé wọ́n jọ lọ síbẹ̀ ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́," ó ní, nígbà tó rí fọ́tò Bàbá tí Àǹtí Fọlákẹ́ fi ránṣẹ́. "Ẹ má wọ gíláàsì dúdú. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ti dádì yín, láti òsì ló wá, tiyín náà gbọ́dọ̀ wá láti òsì. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, fóònù máa fún un pọ̀, ojú yín á fọ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Ṣé ó yé yín?"

Mo ní ó yé mi. Kò yé mi. Ẹni tó ti ń jẹ́ ìgúnpá láti ọjọ́ yìí, tó wá fẹ́ di odidi èèyàn lára ògiri, ṣé ìmọ́lẹ̀ òsì ló máa rò? Mo yá kóòtù lọ́wọ́ aládùúgbò, mo wọ gíláàsì dúdú, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé páálí táìlì, mo ní kí ẹnì kan yà mí nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Bùnmi wo fọ́tò náà, ó wo èmi.

"Bọ̀ọ̀dá, ojú yín dà? Ẹsẹ̀ kan ni mo rí. Ṣé kí n lọ wá ìkejì fún yín lọ́jà ni?"

Mo tún un yà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa gbogbo òfin rẹ̀ mọ́: inú ṣọ́ọ̀bù wa, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà láti òsì, ojú gbangba, ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Mo dúró ṣánṣán, mo ti ọwọ́ kan bọ àpò bíi mánéjà. Bùnmi gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá, ó tún òjìji ẹsẹ̀ mi ṣe, ó pa àwọ̀ wa pọ̀, kò síbi tí wọ́n ti máa rí ojú àlẹ̀mọ́. Orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́ sílé, mo sì ń retí ìyìn.

Nígbà tí Àǹtí Fọlákẹ́ pè, ohùn rẹ̀ le.

"Mo gbé e síwájú Bàbá. Ó wò ó títí, ó ní, 'Ta ni ọ̀gá tó dúró lé mi lórí yìí? Ṣé ọlọ́pàá ni? Kí ni mo ṣe?' Mo ní ọmọ yín ni. Ó ní rárá. Ó ní, 'Ọmọ mi kì í nàró kí mi.'"

Mo ní kí ló burú nínú rẹ̀.

"Ìwọ náà wò ó," ó ní. "Bàbá jókòó, ìwọ ga gogoro lé e lórí, o ti ọwọ́ bàpò. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Kí sì ni nǹkan funfun roboto tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ yẹn?"

Tọ́lẹ́ẹ̀tì ni. Bùnmi gbàgbé láti gé e kúrò.

Ẹ ò rí i, kò sí ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn tó burú, ojú mi sì là sílẹ̀. Bùnmi náà ò rí i, ṣùgbọ́n ọmọ Àbújá ni, a lè forí jì í. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo jẹ ìyẹ̀fun pákó dàgbà? Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó lọ, inú mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá ti gbàgbé ojú mi, kò gbàgbé bí mo ṣe ń kí i. Ó ṣì mọ̀ pé òun ní ọmọ kan tí kì í nàró.

Mo padà tọ Bùnmi lọ, mo ní mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Fún mi?" Ó ti dìde.

Nígbà tó yé e tán, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀ tán, ìpàkọ́ nìkan ni òun máa rí, ìpàkọ́ gbogbo èèyàn sì jọra. Ó ní àyà mi á kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gbé ojú sókè sí kámẹ́rà. Ó tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi ya Bàbá lákọ̀tun, kó wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń kí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni fọ́tò Bàbá wọlé. Oníbàárà kan wà níwájú mi, à ń ná àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Mo ṣí i. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ó ti rù ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ó ń wo ilẹ̀, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, lórí òfìfo. Àǹtí Fọlákẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mi ò ní kó na ọwọ́ o. Mo kàn ní ọmọ yín ń bọ̀ wá kí yín ni."

Ẹkún gbé mi níbẹ̀ láàárín àwọn tọ́lẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà náà rò pé iye tí òun ń ná ló pa mí lẹ́kún, ló bá sáré fi owó kún un.

Báyìí la ṣe dé orí àga rọ́bà. Bùnmi ní ìmọ́lẹ̀ tó bá ti Bàbá mu kò sí àfi ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì ga. Ó gbé àga kalẹ̀, ó so igi ìgbálẹ̀ mọ́ apá àga náà kó lè yọ síwájú bí ọwọ́ Bàbá, ó ní kí n gbé orí mi sábẹ́ igi náà. Lójú àwọn oníkẹ̀kẹ́, lójú àwọn mẹkáníìkì tó ń lọ síbi iṣẹ́, lójú ìyá tó ń dín àkàrà kòsé, mo tú bàtà, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ balẹ̀. Ikùn yẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kúrò nílé. Ó gbé mi dúró bí ọkọ̀ ojú omi, iwájú ń mì, ẹ̀yìn ń mì.

"Bọ̀ọ̀dá, àyà! Àyà yín ò kanlẹ̀!"

"Ikùn ò jẹ́ kó kàn án!"

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ké "Sannu! Sannu!", mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Mo mọ̀ kí n tó wò. Ọmọ Hausa kan tó ń ta omi ti ń fi eyín ya ọ̀rá.

"Má dà á!" Bùnmi fò dí i lọ́nà. "Ó ń kí bàbá rẹ̀ ni!"

Gbogbo wọn wo àga òfìfo náà. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo fa èémí sínú, ikùn wọlé, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Eruku wọ imú mi, òórùn rẹ̀ jọ ti ìyẹ̀fun pákó, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀, mi ò tilẹ̀ pinnu rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Bùnmi ní ìgbà yẹn ni òun yà á.

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde gàǹgà, ó fi férémù sí i, a sì fi í rán ọlọ́kọ̀ kan tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí àárín ògiri. Ọwọ́ Bàbá bọ́ sí orí mi gẹ́lẹ́, ó kàn tẹ etí mi kan díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló gba fóònù.

"O ṣé tó o wá kí mi lọ́jọ́sí," ó ní.

Mo fẹ́ ní mi ò wá. Mo ní kò tọ́pẹ́.

"Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí ẹ," ó tún ní. "O lọ láìjẹun. Mo ní kí Fọlákẹ́ gbé oúnjẹ rẹ pamọ́."

"Mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́, Bàbá."

Nígbà tí Alhaja dé, mo ro ẹjọ́ náà fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o wá ń nu tọ́lẹ́ẹ̀tì fún mi níbí? Dìde ńlẹ̀!" Ó di dàbínù tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà lé mi lọ́wọ́ fún Bàbá, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Bàbá wà lórí àga, ó kọjú sí ògiri. Ó yíjú, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń béèrè?"

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ọmọ burúkú ṣe. Mo tẹ orí ba díẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọdún tí mo ti lò l'Ábújá ló na ọwọ́ yẹn, kì í ṣe èmi. Bàbá wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Ó nawọ́ sí ògiri.

"Ẹ jókòó. Ọmọ mi nìyẹn. L'Ábújá ló ń gbé. Òun kì í nàró kí èèyàn."

Mo ju báàgì sílẹ̀. Mo na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀, ikùn, àyà àti gbogbo rẹ̀. Mi ò rántí gbé ojú sókè. Ìpàkọ́ nìkan ló kù fún un láti wò, èyí tí Bùnmi ní ti gbogbo èèyàn jọra.

Mo gbọ́ tí àga dún. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lé mi ní ìpàkọ́, ó le koko bó ṣe máa ń le, ó sì dúró síbẹ̀.

"Àṣé ìwọ ni," ó ní. Ó wá gbóhùn sókè sí ẹ̀yìnkùlé. "Fọlákẹ́! Ó ti dé o! Gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó ti tutù tipẹ́."